Lẹ́tà sí Àkànní, Kó Tó Kó Ìwé Rẹ̀ Dànù

Mókọ́lá,
Ìbàdàn.

Àkànní ọmọ mi,

Inú bí mi nígbà tí o pa fóònù mọ́ mi létí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti rí i pé o ṣe mí lóore. Lórí fóònù, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ló ń borí, gbogbo ẹbí wa ló sì mọ ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù. Bébà kì í pariwo. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sórí bébà, jẹ́ kí n fi ti òní kọ tèmi.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé tí ẹ bá wọlé fún SS3, o ò ní bá wọn wọlé. Ó ní ọ̀gá tí ò ń tẹ̀ lé lọ sí sáìtì ní Sátidé ti ní kí o wá máa bá òun ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, pé kò sí ilé tuntun tí wọn kì í lẹ táìsì sí mọ́, pé owó ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ wí fún mi kò sì ju gbólóhùn méjì lọ kí o tó pa fóònù: "Dádì Mókọ́lá, ìwé ò ta mọ́. Àwọn tó ti jáde yunifásítì ló ń wa Màrúwà ládùúgbò wa."

Òótọ́ ni. Wọ́n ń wà á. Ọ̀kan wà tó máa ń páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, Geography ló kà. Àmọ́ wo ohun tí èmi ń rí níbi tí mo jókòó sí. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, á pa ẹ́ńjìnnì, á wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú fáìlì aláwọ̀ búlúù kan, á ní kí n bá òun ṣe fọ́tòkọ́pì: èsì WAEC, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìwé àgùnbánirọ̀. Ibì kan ti kéde pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́ nìyẹn. Wọn ò tíì mú un. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa mú un. Ṣùgbọ́n Màrúwà yẹn, bí ìgbà tí èèyàn jókòó sí gáréèjì ni, tó ń retí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ síwájú. Ọmọ tó ń gba Màrúwà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ kò ní fáìlì. Tí wọ́n bá kéde iṣẹ́, kì í bojú wò ó rárá. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wà, owó kan náà ni wọ́n ń san fún ẹni tó ni ín, ọ̀kan ń dúró de nǹkan, èkejì ti dé ibi tó ń lọ.

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún ọ tí ìyá rẹ ò mọ̀ tán. Ohun tí gbogbo ẹbí mọ̀ ni pé Bùọ̀dá, ìyẹn èmi, lọ sí ilé-ìwé gírámà, lẹ́yìn náà wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Kò sí irọ́ níbẹ̀, díẹ̀ ló kù tí wọn ò sọ. Fọ́ọ̀mù kẹrin ni mo ti jáde.

Ọdún 1979 ni mo wọ Fọ́ọ̀mù kìíní. Ọdún yẹn náà ni Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́, nígbà tí Ọ̀ṣun yín ṣì wà lára Ọ̀yọ́, tí ẹgbẹ́ UPN ti Awólọ́wọ̀ sì sọ ilé-ìwé gírámà di ọ̀fẹ́. Bàbá wa tí wọ́n ti ń ṣírò iye kòkó tí wọ́n máa tà kí n tó lè wọlé, ńṣe ni wọ́n jókòó sí iwájú ilé tí wọ́n ń dá rẹ́rìn-ín. A pọ̀ ní kíláàsì débi pé àwọn kan ń jókòó lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó lé mi, kò sẹ́ni tó béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mò ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé ìyà kọ́ ló lé mi jáde. Owó ni.

Nígbà ìsinmi Àjíǹde ọdún 1983, mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó ń tẹ̀wé. Wọ́n ní kí n máa ká bébà. Lálẹ́, ọ̀gá náà ka àádọ́ta kọ́bọ̀ lé mi lọ́wọ́. Àkànní, ìwọ náà ti mọ bí owó àkọ́kọ́ tí èèyàn fi òógùn ara rẹ̀ rí ṣe ń gbóná lọ́wọ́. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, mo lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí olùkọ́ ń sọ. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni mò ń kà lórí. Kí Fọ́ọ̀mù kẹrin tó parí, mi ò yọjú síbẹ̀ mọ́. Mo sọ fún bàbá wa pé mo máa padà lọ ṣe Fọ́ọ̀mù karùn-ún tí mo bá ti kọ́ṣẹ́ tán. Irọ́ kọ́ ni mo pa fún wọn o. Èmi alára gbà á gbọ́.

Lẹ́tà òjé là ń tò nígbà náà, kò tíì sí pé à ń lo kọ̀ǹpútà. Àpótí pẹrẹsẹ kan wà tó ní ojúlé kéékèèké, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀. Ti "e" ló fẹ̀ jù nítorí òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń ná jù. Èèyàn á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú irin tó dì mú lọ́wọ́ òsì, lẹ́tà á dorí kodò, ojú rẹ̀ á yí padà bí ohun tí à ń wò nínú dígí. Láàárín oṣù mélòó kan, mo ti mọ̀ ọ́n kà bẹ́ẹ̀ ju bí mo ṣe ń ka ìwé tó dúró dáadáa lọ. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti mọ̀wé tó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, iṣẹ́ kan wọlé: ìwé ètò ìdágbére àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù karùn-ún. Ilé-ìwé mi ni. Ọ̀gá ò mọ̀, èmi náà ò sì sọ. Orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ pé kí n tò. Mò ń ṣà wọ́n: ẹni tí mo máa ń da iṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ kọ, ẹni tó jẹ mí ní náírà kan títí dòní, ọmọbìnrin tí mi ò rí ẹnu bá sọ̀rọ̀ láti Fọ́ọ̀mù kejì. Nígbà tí mo dé ibi tí orúkọ tèmi ì bá wà, mo dúró. Mo ti ń rò ó pé n óò rí nǹkan níbẹ̀, bóyá àlàfo kan. Kò sí. Orúkọ tó yẹ kó ṣáájú tèmi àti èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ti pàdé, wọ́n sún mọ́ra bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó sáàárín wọn rí. Mo mú òjé pẹlẹbẹ tí a fi ń la ìlà kan sí èkejì, mo fi sí àárín wọn, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Mo sì tún fi í sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyẹn, tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí ọ: èèyàn kì í fi ilé-ìwé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó parí síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú rẹ pé kí o kọ ibi tí o kàwé dé, wàá tún dìde nínú kíláàsì yẹn, wàá tún jáde.

O lè ní kí ló dé tí mi ò padà bí mo ṣe wí. Sójà gba ìjọba lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, owó oríṣiríṣi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú nílé-ìwé. Mo ní kí n kọ́kọ́ gba fíríìdọ́ọ̀mù ná. Nígbà tí mo fi gbà á tán, tí mo ní kí n kó owó díẹ̀ jọ, wọ́n ti ń yí gbogbo rẹ̀ padà sí JSS àti SS tí ẹ̀ ń ṣe yìí. Ní 1988 ni àwọn ọmọ SS3 àkọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò tiwọn. Fọ́ọ̀mù karùn-ún tí mo ní mo máa padà sí, wọ́n ti wó o lulẹ̀ kí n tó dé.

Ní 1991, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ìjọba kan ń wá òṣìṣẹ́. Wọ́n ní ká wá fọwọ́ ṣe é kí àwọn rí i. Àwa mọ́kànlá la lọ, ẹni tó dán wa wò sì sọ ọ́ létí gbogbo wa pé kò sẹ́ni tí ẹ̀rọ yẹn gbọ́ràn sí lẹ́nu tó èmi. Wọ́n gbà mí. Wọ́n wá fi mí sí ìpele tó wà lábẹ́ ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi íńkì sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó ní WAEC. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀, ìgbéga dé lẹ́ẹ̀mejì, ó gba orí mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó kórìíra mi níbẹ̀ o. Akọ̀wé tó mú fáìlì mi jáde fi hàn mí pẹ̀lú àánú: ibi tí ìwé ẹ̀rí yẹ kó wà ló ṣófo, wọn ò sì lè kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn di ọ̀gá mi. Ọmọlúàbí ni. Ó ń pè mí ní Bùọ̀dá títí di ọjọ́ tí mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, èyí ló sì dùn mí jù.

Èyí tó kàn yìí, ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Ní 1998, mo ti ní maṣíìnì tèmi, Kord àlòkù kan. Àwọn èèyàn máa ń wá bá àwa atẹ̀wé pé ká bá àwọn ṣe ìwé ẹ̀rí, mo sì máa ń lé wọn dà síta. Lóru ọjọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo gbé ìwé ẹ̀rí kan tí kọsítọ́mà gbàgbé sọ́dọ̀ mi sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bébà tó jọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, Àkànní, ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Má rò pé ìwà mímọ́ ló dá mi dúró. Máàkì ni. Mo dé ibi tí mo máa kọ ohun tí mo gbà nínú ìṣirò sí, mi ò mọ ohun tí n óò kọ. Tí mo bá kọ A1, ẹ̀rín á pa mí. Tí mo bá kọ C6, ta ló ń ṣèrú kó tó gba C6? Mo dáná sun gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo sì dá ti oní-nǹkan padà fún un láàárọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Salisu Buhari, olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin nígbà náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rí Toronto tí kò gbà. Gbogbo Mókọ́lá ń fi rẹ́rìn-ín lórí rédíò. Èmi ń làágùn.

Fọ́ọ̀mù báńkì, fọ́ọ̀mù fíísà, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú ọmọ wọlé nílé-ìwé, jẹ́ ká fò wọ́n. Ìlà yẹn wà nínú gbogbo wọn.

Ọdún 2009 ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, àkọ́bí mi, gbé ìṣirò JSS2 wá bá mi lálẹ́. Àwọn x àti y ni. Mo ní mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé e wá, mo ní ojú ń dùn mí. Lọ́jọ́ kẹta, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Kò gbé e wá bá mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra fọ́ọ̀mù GCE. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí. Lọ́jọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, àwọn òbí ò gbọdọ̀ wọlé." Mo fi ìwé ìdánwò mi hàn án. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é. Ìṣirò: F9, E8, C6. Ọdún mẹ́ta gbáko, lẹ́sìnnì alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti pa ẹ̀rọ, tí íńkì ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn máa ń tì pátápátá. Kì í tì. Iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ló ń ga sí i, ohun tí mo sì fi ọdún mẹ́ta rà yẹn, wọ́n ti gbé e fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ rí.

Tó o bá ń wá ẹni tí kò kàwé jìnnà tó sì ṣoríire, èmi lè fún ọ ní ẹni tó ju gbogbo àwọn tó wà nínú fóònù rẹ lọ. Amos Tutùọlá ará Abẹ́òkúta. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ilé-ìwé tán fún un. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn ogun Hitler, iṣẹ́ mẹ́séńjà ló rí ní Èkó, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tó kọ ìwé ẹlẹ́mu tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, tí gbogbo ayé ń kà títí dòní. Ṣùgbọ́n ikú ló gba ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò jù ú nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àǹtí rẹ tí oyún mú kúrò ní SS1, tí ilé-ìwé ò sì gbà á padà mọ́. Wọ́n ti àwọn wọ̀nyí jáde ni. Èmi fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde, ìwọ náà sì ń wá bàtà rẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ táìsì. Mi ò kórìíra iṣẹ́ náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí mo wá wò yín ní sáìtì, mo rí ọ̀gá rẹ tó fi tẹ́ẹ̀pù wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lára ògiri kan, mẹ́rin lára èkejì, tó ní kí o na tẹ́ẹ̀pù láti ibí dé ọ̀hún. Kò pé márùn-ún, ó ní, "Kọ̀nà yìí ò gún." Ohun tí olùkọ́ ìṣirò ń kọ sójú pátákó fún yín nìyẹn, tí o ní kò wúlò fún nǹkan kan. Ọ̀gá rẹ ò kọ́ ọ nílé-ìwé, ó sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ju olùkọ́ lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé béèrè pé páálí mélòó ni kí òun rà fún yàrá tó jẹ́ mítà mẹ́rin sí mẹ́ta póìǹtì mẹ́fà, ọ̀gá rẹ gbójú sókè. Ìwọ lo sọ ọ́. O ní mẹ́rin ló wà nínú páálí ọgọ́ta-ọgọ́ta, páálí mẹ́wàá á bò ó, kí wọ́n fi ọ̀kan kún un nítorí èyí tí wọ́n máa gé. O ò tiẹ̀ mú bírò. Mo ń wò ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, mi ò sì tíì sọ fún ọ dòní bó ṣe rí lára mi.

Ẹni tó gba iṣẹ́ ilé yẹn lọ́wọ́ onílé, tó kọ iye rẹ̀ sórí bébà tó fọwọ́ sí i, kò fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ tí inú ọ̀gá rẹ bá dùn, bi í léèrè iye tó kan òun nínú owó náà. Kí o sì máa wo bó ṣe ń dìde nílẹ̀ tó bá ti kúnlẹ̀ láti àárọ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún. Tí orúnkún yẹn bá kọ̀ fún un lọ́la, iṣẹ́ wo ló máa gba fọ́ọ̀mù rẹ̀?

Nǹkan kan tún wà tí o ò ronú kàn. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí ọmọ kàwé dé JSS3. O ti kọjá ibẹ̀. Láti ibi tí o wà yìí lọ, kò sí òfin tó máa wá wọ́ ọ padà. Olùkọ́ á pe orúkọ rẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, méjì, lẹ́yìn náà á fi bírò fa ìlà lé e lórí, àwọn orúkọ yòókù á sún mọ́ra.

Bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyí. Wọlé fún SS3. Kò tó ọdún kan kí ìdánwò dé. Máa lọ sí sáìtì ní Sátidé àti nígbà ọlidé, mo máa bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́, atẹ̀wé àti alẹ́táìsì máa ń gbọ́ èdè ara wọn. Owó WAEC rẹ wà lọ́rùn mi, mo ti sọ fún ìyá rẹ, kò ní í ta aṣọ kankan nítorí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìjókòó kíláàsì gan-an ni ara rẹ ò gbà, sọ ọ́ jáde, ká jọ wá ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe ìdánwò NABTEB. Iṣẹ́ ọwọ́ náà ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ní 1992. Tó o bá sì ti gba èsì rẹ tán, tó o ní táìsì náà lo fẹ́ ṣe jẹun, èmi ni n óò tẹ káàdì rẹ, lọ́fẹ̀ẹ́, aláwọ̀ mẹ́rin.

Mo fi ẹ̀dà èsì GCE mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò lẹ́tà yìí. Èyí tó ní F9 ni mo kó sókè. Má fi han ìyá rẹ. Mo ń bọ̀ ní Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé, kí o dá wọn padà fún mi lọ́wọ́. N óò bá ọ dé sáìtì, nítorí náà wá bàtà kan dè mí, èyí tí sìmẹ́ńtì ti bà jẹ́ náà dára.

Èmi ni,
ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Dádì Mókọ́lá.